Irun French curl tí mo gbé fún ọ̀sẹ̀ méje, àti bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tí kò fi nà

Àná ni mo tú irun yìí. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló lò lórí mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń tú u, èyí tó wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ṣì ń ká bí òrùka. Ti ìpàkọ́ nìkan ló ti rẹ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àtáṣímẹ́ǹtì náà dáa, owó tí mo san lórí rẹ̀ kò dùn mí rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi mọ síbẹ̀, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán, torí èyí tí mo ṣe ṣáájú rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù onídìrí níbẹ̀ ló ti bàjẹ́ kí n tó san owó iṣẹ́. Mo rí i nínú méjèèjì pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí a fi mú irun yìí kò kéré sí ọ̀rọ̀ irun tí a rà.

Aránṣọ ni mí ní Agbowó, n'Ìbàdàn níbí. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdí maṣíìnì ni mo máa ń tẹ orí sí, tòun ti eruku aṣọ, tòun ti òógùn. Irun tí mo bá ṣe ní láti pẹ́, torí n kò lè máa lọ jókòó fún wákàtí márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí aṣọ ìnáwó àwọn èèyàn ṣì wà nílẹ̀ láìrán. Orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́kọ́ rí French curl, ó sì wọ̀ mí lójú. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, onídìrí á dì í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti orí wá dé bí èjìká, á wá fi ìyókù sílẹ̀ láìdì. Ìyókù yẹn ti ká láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é wá, òun ló máa ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn, tó ń mì bí èèyàn bá ń rìn. Gbogbo ẹwà irun náà, ibẹ̀ ló wà. Bí ibẹ̀ bá nà, tàbí tó ta kókó, a ò lè pè é ní French curl mọ́.

Ògùnpa ni mo ti rà á. Páàkì kan jẹ́ náírà 4,500, mo ra mẹ́rin, náírà 18,000 ni gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1B, dúdú tí kò dú jù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 22, wọ́n sì kọ gíráàmù 150 sára páàkì kọ̀ọ̀kan. Ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà ni wọ́n ti ń ta ti náírà 2,800, òun sì ni mo rà nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ ìyá tó ń tajà pé kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án kí n tó sanwó, wọ́n sì gbà. Mo mú ẹyọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fà á títí tó fi nà tán, mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí mo fi ka ení, èjì, dé ẹ̀wá, mo wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fò padà, ó ká. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti 2,800, ó padà díẹ̀, ó dúró lágbede méjì. Ó tún ń dán jù, bí ọ̀rá, nígbà tí èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dán ju irun orí lọ. Mo wá fi ìka méjì yí i bí mo ṣe máa ń yí òwú wò kí n tó rà á. Ti 4,500 nípọn díẹ̀, ó sì le díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí líle yẹn lé yín sá. Nínú àwọn tí mo ti lò, èyí tó rọ̀ múlọ́múlọ́ nínú páàkì ló máa ń kọ́kọ́ ta kókó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, torí ó ṣì ń dùn mí. Wọ́n ti dì í tán, ó ti rẹwà, mo ti wo dígí. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣàdédé gbé kẹ́tùlù dé, omi ń hó nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fi àtáṣímẹ́ǹtì gbọọrọ dirun tán, inú omi gbígbóná la máa ń ti ìdí rẹ̀ bọ̀, kó má baà tú, kó sì wálẹ̀ dáadáa. Ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ti mọ́ nìyẹn. Kí n tó yíjú, ó ti kó irun ẹ̀yìn mi sínú abọ́ ike, ó ti da omi lé e. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, irun tó ti ká ti nà gbọọrọ, omi ń kán tó-tó lẹ́nu rẹ̀, ti iwájú nìkan ló ṣì ká. Wọ́n bẹ̀ mí. N kò bá ọmọ náà jà, torí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó mọ̀, òun ló sì yẹ kó sọ fún un kó tó gbé kẹ́tùlù. N kò ní dárúkọ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irun yìí, kí wọ́n tó yà á, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: ẹ ò fẹ́ omi gbígbóná, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n fi láítà sun ẹnu rẹ̀.

Ilé ni mo dé tí mo fi ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, plíìtì, ìlà tí a máa ń ṣẹ́ sára aṣọ, ló sì là mí lójú. Bí mo bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ plíìtì sára aṣọ tó jẹ́ òwú gidi, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, plíìtì ti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sára ṣífọ́ọ̀nù polyester, aṣọ oníke, tí mo jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó gbé e nílẹ̀, wọn á fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, ìlà rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ooru ló kọ́ ọ ní bó ṣe máa rí, títutù tó tutù ló sì dì í mú síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irun orí wa àti àtáṣímẹ́ǹtì náà nìyẹn. Irun orí tí a fi rólà ká, omi ni yóò tú u. Kanekalon, okùn tí ilé-iṣẹ́ Kaneka ní Jàpáánù ti ń ṣe láti 1957, tí wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àtáṣímẹ́ǹtì, kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pè ní acrylonitrile àti vinyl chloride ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é. Mọ̀lẹ́bí ike ni. Wọ́n á wé e mọ́ ọ̀pá, wọ́n á fún un ní ooru, wọ́n á jẹ́ kó tutù lórí ọ̀pá náà, ó ká nìyẹn. Omi tútù ò lè pa ohun tí ooru kọ́ ọ rẹ́. Ooru mìíràn ló lè pa á rẹ́. Àwọn èèyàn kan máa ń gbé French curl fún oṣù méjì láì jẹ́ kí omi kàn án, wọ́n ní kó má baà nà. Òógùn á gbẹ mọ́ ọn, orí á máa yún wọn, òórùn á máa bọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi tí wọ́n ń sá fún kò ṣe nǹkan kan.

Ooru tó pa á rẹ́ náà sì lè tún un kọ́. Mo gé àgékù aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé irun tó nà yẹn mọ́ ọn láti ìdí sókè, ẹyọ méjì-méjì, a ń so ó. Mo fẹ̀yìn ti àga, bàsíà wà lẹ́yìn mi, táwẹ́ẹ̀lì nínípọn wà ní èjìká mi. A ti sọ omi kalẹ̀ lórí iná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọmọ iṣẹ́ mi tó bù ú lé e díẹ̀díẹ̀, kò sì jẹ́ kó sún mọ́ ara mi. Ẹ má dá èyí ṣe o, ẹlòmíràn ni kó bu omi náà. A so ó bẹ́ẹ̀ sùn. Nígbà tí mo tú u láàárọ̀, ó ká. Kò ká dọ́gba bíi ti ilé-iṣẹ́, àwọn kan kéré, àwọn kan fẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè jáde. Aṣọ funfun ni kí ẹ lò, torí àdìrẹ ni mo fi ṣe ẹyọ àkọ́kọ́, ó sì yọ aró sí mi ní táwẹ́ẹ̀lì.

Irun 2,800 yẹn kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ó ti dì mọ́ra ní ìpàkọ́, mo sì gé e dànù.

Ti 4,500 tí mo wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í, torí ti àkọ́kọ́ yún mi lórí fún òru méjì tí n kò lè sùn. Mo fi rọ́bà so orí páàkì kọ̀ọ̀kan kó má baà dàrú, mo bu omi tútù sínú bàsíà, mo da ife fínígà funfun kan sí i, mo rẹ irun náà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo padà dé, nǹkan funfun kan ti léfòó sójú omi, bí omidùn orí ògì. Mo fi omi mìíràn ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo fi há háńgà ní ibòji. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ká bó ṣe ká nínú páàkì. Orí mi kò sì yún mi rárá lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí n máa ṣọ́ra. Ní 2025, Consumer Reports, àjọ kan tó máa ń dán ọjà wò fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò 10 nínú àtáṣímẹ́ǹtì oníke tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n bá kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ nínú gbogbo wọn, wọ́n sì bá òjé nínú 9. N kò sọ pé fínígà á yọ ìyẹn kúrò o. Ohun tí mo ṣe ni pé n kì í gbé e kọjá ọ̀sẹ̀ méje mọ́, mo sì máa ń sinmi kí n tó ṣe òmíràn. Ọmọbìnrin mi kékeré máa ń ki ìdí irun bọ ẹnu tó bá ń kàwé, fún ìdí yẹn, òwú ni mo ń ní kí wọ́n fi kó tirẹ̀, tàbí kí wọ́n di ṣùkú fún un láì fi nǹkan kan sí i.

Fífọ̀ ọ́ lórí wá ńkọ́? Ìparí ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Mo pín in sọ́nà mẹ́rin, mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí dídì rẹ̀ parí sí, mo jẹ́ kí kọ́ọ̀lù, ìyẹn ibi tó ká tí a kò dì, máa rọ̀ láìsí nǹkan lára rẹ̀. Mo da ìdérí ṣàǹpú kan sínú ìgò omi ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mo mì ín, mo ń fi ẹnu ìgò náà tọ ojú ìpín lórí. Orí nìkan ni mo ń fi ọmọ ìka rà, n kò lo èékánná, n kò sì kó irun jọ sókè bí a ṣe máa ń kó o jọ tí a bá ń fọ irun tiwa. Kíkó o jọ sókè yẹn ni kókó rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fóòmù tó bá ṣàn wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń ra á lọ sísàlẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀, n kò padà sókè. Nígbà tó kan kọ́ọ̀lù, mo bu omi tútù tuntun sínú bàsíà, mo fi kọndíṣánà díẹ̀ sí i, mo ri ín sínú rẹ̀, mo gbé e jáde, mo tún ri ín, bí ìgbà mẹ́fà. N kò fún un, n kò sì fi ọwọ́ méjì ra á. Mo ṣàn án, mo fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì tẹ omi kúrò lára rẹ̀.

Ibi tó ti tutù yìí ni iṣẹ́ wà. Irun náà máa ń dàbí ẹni pé ó ti nà nígbà tí omi bá wà lára rẹ̀, ó máa ń wúwo, ojora lè mú èèyàn. Mo mú un ní ìdì kéékèèké, mo wé ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìka méjì síbi tó ti fẹ́ ká tẹ́lẹ̀, mo yọ ìka kúrò, mo jẹ́ kó rọ̀. Mo fọ́n mousse, fóòmù tí a fi ń tọ́jú irun, sí àtẹ́lẹwọ́, ó tó bí ẹyin kan, mo fi gbé kọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè, mo ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo wá jókòó síwájú fáànù. Kò sí dráyà, kò sí oòrùn ọ̀sán gangan. Bó ṣe ń gbẹ ni mo ń rí i tó ń súnkì sókè, ẹyọ kan, ẹyọ kejì, títí gbogbo rẹ̀ fi padà síbi tó wà. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀.

Alẹ́ ni mo fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ yẹn, mo sì ṣìṣe. Kọ́ọ̀lù máa ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tí a dì, nítòsí orí, máa ń gba omi dúró. Mo sùn lé e, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká láìgbẹ ní ọjọ́ kejì. Àárọ̀ kùtù ni mo fọ èyí tó kù, òórùn kankan kò wá.

Nípa òróró, ẹ fi mọ sí awọ orí. Irun ike kì í mu òróró. Èyí tí ẹ bá fi pa á á kàn dúró sí ara rẹ̀ ni, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mousse tó, omi díẹ̀ nínú ìgò tí a fi ń fọ́n omi náà tó, lójoojúmọ́ kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá kókó mẹ́ta ní ìpàkọ́, tó tó hóró àgbàdo, gbogbo wọn lórí ìlà kan náà. Mo ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru irun náà. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn mi ni mo rí i: téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló máa ń wà ní ọrùn mi, tí mo ń fà á sọ́tùn-ún, tí mo ń fà á sósì, ó sì ti ń ha kọ́ọ̀lù ìpàkọ́ lójoojúmọ́. Mo kan ìṣó kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, mo gbé téèpù kọ́ ọ. Kókó tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ránṣọ, ẹ wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wo okùn báàgì, ẹ wo léèsì tó ń gún ara. Bí kókó bá ti wà, ẹ di òkè rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìka yà á láti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi òòyà kàn án. Èyí tó bá ti wú bí òwú, sáàsì ni kí ẹ fi gé e. Gígé ẹyọ díẹ̀ kò ní hàn.

Ní alẹ́, mo máa ń lọ́ kọ́ọ̀lù náà sí ọ̀nà méjì gbàgẹ̀rẹ̀, mo sì fi sátínì wé e. Mo rán gèlè sátínì náà fúnra mi, torí bónẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà kéré fún un, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ẹyọ mẹ́rin níwájú nà. Mo ń lọ kọ́là, mo tẹ áyọ́ọ̀nù kó tú èéfín omi jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló pariwo, "Àǹtí, irun yín!" Irun náà kò kan áyọ́ọ̀nù rárá, ooru omi yẹn nìkan ló fẹ́ sí i, ó sì nà lójú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe sí ẹni tó bá ṣí ìkòkò tó ń hó láì so irun sẹ́yìn. Àgékù aṣọ funfun ni mo fi tún un ká lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lọ́nà tí mo ti sọ.

Ohun tí mo ní sí irun 4,500 yìí kò pọ̀. Ó wúwo. Páàkì mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 600, ọrùn mi mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, páàkì mẹ́ta ì bá tó fún orí mi. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló wà lára páàkì, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa omi gbígbóná. Ìlà kan péré lára páàkì yẹn ni ì bá gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo ti padà lọ rà á. Páàkì mẹ́ta, 1B náà ni, ó wà nínú àpótí aṣọ mi de ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo ti bá onídìrí tuntun tí mo rí sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé kẹ́tùlù kaná lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀.